Ọ̀gá ní kí n sáìnì ọjà tí mi ò rí, ó tún ka Róòmù 13 fún mi

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, torí ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí mi ò rí oorun gidi sùn.

Èmi ni mò ń tọ́jú sítọ́ọ̀ níbi iṣẹ́ mi, ọdún kọkànlá mi rèé níbẹ̀, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ti ń lọ sí aago méjì ọ̀sán, bọ́ọ̀sì kan wá já bébà tá a fi ń tẹ̀wé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Èmi kì í gba iye ọjà gbọ́ lẹ́nu èèyàn, mo máa ń kà á ni. Bí wọ́n ṣe ń gbé páálí wọlé ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára ògiri, mẹ́rin á dúró, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e tán, ìdì márùn-ún márùn-ún mẹ́rin ló wà lára ògiri, pẹ̀lú ilà méjì tó dá dúró. Páálí 22. Mo wọlé lọ ka páálí fúnra ẹ̀, 22 náà ni. Ríìmù márùn-ún ló ń wà nínú páálí kan, ìyẹn ríìmù 110. Ìwé ọwọ́ dírẹ́bà wá ń sọ pé páálí 60.

Mo ní 22 ni màá kọ. Dírẹ́bà ní kí n lọ rí ọ̀gá. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ní "Ìyá Ìbejì, kọ 60 síbẹ̀, kí wọ́n lè sanwó fún kọngílá, ìyókù ń bọ̀." Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ìyókù bá dé màá kọ ọ́." Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá fa Bíbélì tó máa ń wà lórí tábìlì wọn, wọ́n ṣí Róòmù 13, wọ́n kà á sí mi létí pé "Kí olúkúlùkù ọkàn kí ó foríbalẹ̀ fún àwọn aláṣẹ tí ó wà ní ipò gíga. Nítorí kò sí àṣẹ kan bí kò ṣe láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá." Wọ́n pa á dé, wọ́n ní "Ta ló gbé mi sórí àga yìí? Ìwọ tó o wá ń kọ̀ fún mi yìí, ta lò ń kọ̀ fún?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Wọ́n tún wá fi kún un pé àwọn ọ́fíìsì wa lápá Òkè Ògùn ò ní ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ sítọ́ọ̀ dáadáa, pé wọ́n ṣì ń wá èèyàn. Ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Wọ́n fún mi di Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé ọ̀gá yìí kì í ṣèèyàn burúkú sí mi rí. Nígbà tí Táíwò mi ní ibà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, àwọn ló fi ₦30,000 ránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn, wọn ò sì béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi títí dòní. Màmá mi ní Ìkòyí-Ilé ní kí n sáìnì kí n yéé dá ara mi lágara, pé ẹni tó ṣèèyàn lóore la kì í já níyàn. Ọkọ mi ní ohunkóhun tí mo bá ṣe òun wà lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀, ẹ̀rù ń bà á.

Mo gbà pé Ọlọ́run ju ọ̀gá kọ́gàá lọ, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé níbo gan-an ni ìgbọ́ràn sí aláṣẹ ti ń dúró? Tí mo bá kọ̀, ṣé mi ò ní máa gbéra ga sí ẹni tí Ọlọ́run fi ṣolórí mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ju mi lọ ẹ dá mi lóhùn.

Tíṣà Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìrònú mà, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Ọ̀yọ́ Aláàfin ni mo wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, Róòmù 13 yìí náà sì ni mo ń kọ́ wọn ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín ká mi lára.

Ọ̀gá yín ka ẹsẹ kìíní, wọ́n wá pa Bíbélì dé. Ẹ bá wọn ṣí i padà. Ẹsẹ kẹta ní àwọn ìjòyè kì í ṣe ẹ̀rù sí iṣẹ́ rere bí kò ṣe sí búburú. Ẹsẹ kẹrin pe aláṣẹ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run fún rere. Ìránṣẹ́ ni wọ́n pè é. Ìránṣẹ́ kì í jíṣẹ́ tí wọn ò rán an, tí wọ́n bá ní kó lọ mú omi wá tó lọ ń bu májèlé, ẹni tó mọ olówó ẹ̀ ò ní mu ún torí pé ìránṣẹ́ olówó ló gbé e wá. Tẹ́ ẹ bá tún wá dé ẹsẹ keje, Pọ́ọ̀lù ka gbogbo ohun tó tọ́ sí aláṣẹ lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan: owó òde wà níbẹ̀, owó bodè wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀, ọlá wà níbẹ̀. Mo ti wá a lọ wá a bọ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀.

Ẹ tún wo ìgbà tí wọ́n kọ lẹ́tà yẹn, ó máa súnmọ́ ọdún 57 lẹ́yìn Kristi, Nero ló sì wà lórí ìtẹ́ ní Róòmù, ọdún 54 ló gorí ẹ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ ti jẹ pàṣán, wọ́n ti tì í mọ́lé ní Fílípì. Kì í ṣe pé Pọ́ọ̀lù ò mọ ohun tí aláṣẹ burúkú lè ṣe. Ó mọ̀, síbẹ̀ ó ní ká bọlá fún wọn. Pétérù àtàwọn àpọ́sítélì yòókù náà wá dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ga jù lórílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ní "Àwa kò gbọdọ̀ má gbọ́ ti Ọlọ́run jù ti ènìyàn lọ." Wọ́n nà wọ́n fún ìyẹn o, wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Èmi ò rí i pé àwọn méjèèjì ń ta ko ara wọn.

Ká wá kúrò nínú Bíbélì ká bọ́ sílé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọba la ń pè ní Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà, èkejì, wọn ò pè é ní àkọ́kọ́. À ń pè é ní Kábíyèsí, síbẹ̀ Ọ̀yọ́mèsì méje wà láàfin, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, tí ọba bá sì ti ṣe kọjá ààlà wọ́n lè gbé igbá fún un, òun náà á sì mọ ohun tí igbá yẹn ń wí, pé kó lọ kú ni. Baṣọ̀run tí wọ́n fún ní agbára yẹn wá tún rò pé òun ò lẹ́ni tó máa yẹ òun lọ́wọ́ wò. Baṣọ̀run Gáà rán ọba sọ́run léraléra, ó gbà á bíi pé òun ni òpin ọ̀rọ̀, àfìgbà tí Aláàfin Abíọ́dún dé, tó ṣẹ́gun ẹ̀, tí wọ́n sì pa á. Títí dòní tí àgbà bá fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tó ń fi ipò ṣèkà ní Ọ̀yọ́ níbí, á ní bó o bá láyà, ṣèkà, bó o bá rántí ikú Gáà, sòótọ́. Kò sí ẹnì kankan nílé wa tí wọ́n gbé gbogbo àṣẹ lé lọ́wọ́ pátápátá, kí ọ̀gá ọ́fíìsì má wá sọ pé òun ni.

Kọ́lá Alátùńṣe

Ẹ má bínú o, èmi ò gbà. Ẹ̀yin tíṣà lẹ máa ń sọ̀rọ̀ báyìí, owó oṣù yín ò sí nínú ẹ̀. Ọmọ méjì ni màmá yìí ní, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá. Ṣé àwọn ló kó páálí 38 lọ ni? Wọ́n rán wọn níṣẹ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó rán wọn. Ọlọ́run mọ ọkàn yín mà, ẹ sáìnì, ẹ bẹ Ọlọ́run, kẹ́ ẹ máa tọ́jú ọmọ yín. Tẹ́ ẹ bá dé Òkè Ògùn tán, ta ló máa bá yín tọ́jú ìbejì?

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́

Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ ṣé gan-an, mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín, mi ò bínú rárá. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi láti Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ilà ṣọ́ọ̀kì yẹn ṣì wà lára ògiri o, mi ò lè nù ún. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣílẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ni mò ń rí i.

Ọmọ Álífà

As-salaamu alaykum Ìyá Ìbejì. Mùsùlùmí ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó wà lọ́wọ́ tiwa wá, ó lè ràn yín lọ́wọ́.

Nínú Kùránì, Súrà An-Nisá, ẹsẹ 59, Ọlọ́run ní ká tẹ̀lé ti Allah, ká sì tẹ̀lé ti Òjíṣẹ́, àtàwọn aláṣẹ inú wa. Bàbá mi tó kọ́ mi ní kéwú máa ń ní kí n tẹ́tí sí i dáadáa, pé ọ̀rọ̀ "ẹ tẹ̀lé" yẹn wá síwájú Allah, ó tún wá síwájú Òjíṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọn aláṣẹ kò tún wá mọ́. Wọ́n so tiwọn mọ́ ti iwájú ni. Tó bá ti já kúrò lára ti iwájú, kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró.

Hádíìsì kan, ìyẹn ìtàn nípa Ànábì, tún wà nínú ìwé Bukhari tí mi ò lè gbàgbé láti kékeré. Ànábì rán àwọn ọmọ ogun kan jáde, ó fi ọ̀kan lára àwọn ará Mẹdínà ṣolórí wọn, ó ní kí wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀. Inú wá bí olórí yìí sí wọn lójú ọ̀nà, ó ní ṣebí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa gbọ́ tèmi? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ lọ ṣa igi wá. Wọ́n ṣa á. Ó ní ẹ dáná sí i. Wọ́n dá a. Ó ní ó yá, ẹ kó wọnú ẹ̀. Àwọn kan ti fẹ́ wọ̀ ọ́ o! Àwọn tó kù wá ń wo ara wọn lójú, wọ́n ní ṣebí torí ká lè bọ́ lọ́wọ́ iná la ṣe sá tọ Ànábì wá. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí iná fi kú tí inú olórí náà rọ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní ká ní wọ́n kó wọ̀ ọ́ ni, wọn ò bá má jáde níbẹ̀ mọ́, pé inú ohun tó dáa nìkan ni ìgbọ́ràn wà.

Ẹ wò ó, wọ́n ṣa igi tó ní kí wọ́n ṣà, wọ́n dáná tó ní kí wọ́n dá. Ẹnu iná ni wọ́n ti dúró. Ẹ̀yin náà ẹ gba ọjà wọlé, ẹ kà á, ẹ tò ó. Ibi tẹ́ ẹ dé yìí ni ẹnu iná. Bọ̀dá Kọ́lá, ẹni tó bá rán èèyàn lọ sínú iná ní ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ o, ṣùgbọ́n ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa jó.

Bàbá Pẹ́ńṣàn

Ọmọ mi, ìyá ìbejì, o kú ìfaradà. Iṣẹ́ òdítọ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni màá kọ́kọ́ bá ọ sọ. Orúkọ ẹni tó bá sáìnì pé ọjà wọlé ni òdítọ̀ ń kọ́kọ́ wá, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ta ló rán ọ, torí ọ̀gá ò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rán ọ. Wọ́n á wo lẹ́jà rẹ, wọ́n á ka páálí, wọ́n á ní ìyókù dà. Mo ti jókòó síwájú àwọn sítọ́kípà tó ń sunkún pé ọ̀gá ló ní kí àwọn kọ ọ́, ọ̀gá náà jókòó síbẹ̀, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Nítorí náà kọ 22 sórí ìwé yẹn, kọ ọ́ ní figọ̀, kọ ọ́ ní lẹ́tà, kọ déètì àti aago, jẹ́ kí dírẹ́bà tó gbé e wá sáìnì sí i, fi fóònù rẹ ya ìwé náà. Kó o wá kọ lẹ́tà kékeré kan sí ọ̀gá, ìlà mẹ́ta ti tó, pé ohun tó wọlé rèé, pé wàá gba ìyókù tó bá dé. Má fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Tọ́jú ẹ̀dà rẹ sílé, kó má wà ní ọ́fíìsì.

Èyí tó kù yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí ni mò ń bá wí, torí mo rí i pé ara yín ti ń gbóná. Ọmọdé ni mí ní 1969, mo ti mọ̀wé díẹ̀. Owó orí ni àwọn àgbẹ̀ ń bínú sí, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ, owó kòkó ò tó nǹkan, àwọn tó ń gbowó orí ń lé bàbá èèyàn wọ oko, wọ́n ń fi wọ́n wọ́lẹ̀ lójú ọmọ wọn. Ìyẹn ló bí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà káàkiri ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lóṣù July, àwọn èèyàn ya lu ààfin, wọ́n pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Ọba ìlú wa! Bàbá mi kó wa lọ sóko lóru, mo ṣì ń rántí pé ìyá mi fi aṣọ di àbúrò mi lẹ́nu kó má baà sunkún lójú ọ̀nà. Bàbá mi wà lára àwọn tí owó orí yẹn ń ni lára, kò sì fara mọ́ ọn rí ayé ẹ̀, ṣùgbọ́n títí tó fi kú ni ojú ń tì í fún ohun tí wọ́n ṣe sí ọba. Ó máa ń ní ojú ẹni tó ń lé Ọlọ́run kúrò lórí àga kì í yàtọ̀, ì báà jẹ́ ọba ni, ì báà jẹ́ èrò.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má rò pé tí èèyàn bá ti kọ̀ fún aláṣẹ ló ti wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Dáfídì wà nínú ihò pẹ̀lú Sọ́ọ̀lù tó fẹ́ pa á, etí aṣọ ló gé, ọkàn ẹ̀ tún ń lù ú pé òun gé etí aṣọ ẹni òróró. Kò padà lọ sin Sọ́ọ̀lù, kò sì pa á. Ọ̀nà tóóró ni. Ṣọ̀ún tó wà lórí ìtẹ́ báyìí, pásítọ̀ ni kó tó jọba ní 2023, ó ti máa ń kúnlẹ̀ níwájú Ẹlòmíràn kí àwa tó máa dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì máa ń gbà á ládùúrà pé kó má gbàgbé. Gbà á fún ọ̀gá tìẹ náà.

Díákónì Obìnrin

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ₦30,000 yẹn dá yín lẹ́bi. Oore ni, ẹ máa dúpẹ́ ẹ̀ títí láé. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ kúnlẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kẹ́ ẹ tó lanu. Kí wọ́n rí i pé orúnkún yín kò bá wọn jà. Ọwọ́ tó máa sáìnì nìkan lẹ kò fún wọn. Àwọn ọmọ Hébérù mẹ́ta inú ìwé Dáníẹ́lì náà, tí wọ́n kọ̀ láti foríbalẹ̀ fún ère, "ọba" ni wọ́n ń pe Nebukadinésárì títí dé ẹnu iná, wọ́n ní Ọlọ́run wa lè gbà wá, wọ́n wá ní "ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́." Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí tí mo bá ń kà á. Wọn ò mọ̀ pé Ẹnì kẹrin ń bọ̀ nínú iná. Àwọn tó ń kọ́ wa pé tá a bá ti ṣe òótọ́ ọ̀gá á bẹ̀ wá, owó á pọ̀ sí i, wọ́n fo ibẹ̀ kọjá. Mo ń gbààwẹ̀ pẹ̀lú yín lọ́jọ́ Jímọ̀.

Kọ́lá Alátùńṣe

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Bàbá, ọ̀rọ̀ sáìnì yẹn, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mà, tẹ́ ẹ bá nílò ọkọ̀ tó máa kó ẹrù, mo ní bọ́ọ̀sì, ẹ ò ní san ju owó epo lọ.

Ìyá Ìbejì Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá fi tó yín létí.

Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Mo kọ 22, mo kọ ọ́ ní lẹ́tà, mo pe dírẹ́bà, ó kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó yá ó sáìnì, ó ní òun náà ò fẹ́ wàhálà. Mo mú un lọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ Jímọ̀ ní aago mẹ́wàá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní sà, mi ò gbàgbé Táíwò o, mi ò sì ní gbàgbé láé, ẹnikẹ́ni tó bá bú yín lójú mi èmi àti ẹ̀ la máa jọ fà á. Mo ní ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó gbé yín sórí àga yìí ló gbé èmi náà sí sítọ́ọ̀, Òun ló máa bi mí ní iye tí mo rí. Ohùn mi ń gbọ̀n, mi ò purọ́. Wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n fi sábẹ́ Bíbélì, wọ́n ní kí n máa lọ.

Lẹ́tà tíránsífà wọlé lọ́jọ́ Wẹsidé. Ìgbòho ni, kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ọkọ mi á dúró síbi iṣẹ́ ẹ̀ ná, á máa wá lópin ọ̀sẹ̀, màmá mi náà ti gbà láti tẹ̀ lé wa fún tọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ẹnu sì yà mí pé àwọn ló kọ́kọ́ ní kí n máa lọ. Kọngílá ò sì tíì rí owó páálí 60 gbà, ìyẹn ni mo gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé ni mo sùn dé àárọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Bọ̀dá Kọ́lá, màá nílò bọ́ọ̀sì yín lóòótọ́, ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹni tó bá sì mọ Ìgbòho dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá yàrá méjì tó súnmọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kànga bá wà nínú ọgbà ẹ̀ màá dúpẹ́.